Àwòrán Ikùn Ọkọ̀ Apẹja

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní etíkun Accra, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣí àfihàn àwòrán. Àwa mẹ́ta la dúró níwájú ògiri: èmi, ọkùnrin tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mòòkùn, àti akọ̀wé báǹkì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ àwa tá à ń mòòkùn fún ìgbádùn. Àwòrán tí mo yà ló wà lára ògiri. Orúkọ akọ̀wé ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀ omi. Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló ti ilé wá ta ọjà níbẹ̀ tí kò padà mọ́. Mo ti lé lógún ọdún kí n tó wọ ilé ìwé, bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tó kàwé. Fóònù àti kámẹ́rà ni mò ń tún ṣe ní àdúgbò Circle. Ìyàwó mi kú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogójì ọdún. Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi ló ń kí mi kú ara fẹ́ra kù, títí ó fi di pé mo máa ń gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní dúmsọ̀, kí n lè rí àwáwí ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin Ewe kan gbé kámẹ́rà tó ti mumi wá. Iṣẹ́ ọmọ-ogun ojú omi ló ṣe tẹ́lẹ̀, ó wá ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n lọ sábẹ́ òkun. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n wá wo ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Inú odò ìwẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, láàárín àwọn ọmọdé tí ìyá wọn jókòó tì wọ́n. Èmi àgbàlagbà, mo fi ìka di imú, mò ń ta omi káàkiri bí adìẹ tó já sí kòtò. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mumi. Àmọ́ nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ òkun, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ju èémí ara mi lọ, mo mọ̀ pé mo ti rí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kí mi kú ara fẹ́ra kù.

Olùkọ́ mi yá mi ní kámẹ́rà rẹ̀, nínú àpótí rẹ̀ tí omi ò lè wọ̀. Mo ya ìrù ẹja lóríṣiríṣi, torí pé ẹja kì í dúró de ẹni tó ń gbọ̀n. Mo ya àtàǹpàkò mi dáadáa. Mo ya ẹja pupa kan, ó jáde bí ẹni pé wọ́n fi eérú kùn ún. Mo rò pé kámẹ́rà ló tún ti bàjẹ́, ni mo bá tú u palẹ̀ lórí tábìlì. Olùkọ́ mi bá mi níbi tí mo ti ń wá àìsàn rẹ̀.

"Alata," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, "dá a padà. Ara kámẹ́rà le. Omi ló ń jẹ àwọ̀, pupa ló sì kọ́kọ́ máa ń jẹ."

Omi Accra kì í sábà mọ́. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni ọjọ́ díẹ̀ máa ń wà tí yóò mọ́ bíi dígí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kan bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní etíkun àwọn Gã, òkun ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ kankan kì í jáde lọ pẹja. A mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi àti olùkọ́ mi, àmọ́ a rò pé àwọ̀n nìkan ni òfin náà ń bá wí. A gba ẹ̀gbẹ́ àpáta wọ omi. Gbogbo ọkọ̀ etíkun náà ló wà lórí ìdákọ̀ró, wọ́n tò bí ẹní fẹ́ kírun. Mo dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn nísàlẹ̀, mo wòkè, mo rí ikùn gbogbo wọn, oòrùn ń yọ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo yà á. Àwòrán gidi àkọ́kọ́ tí mo yà nìyẹn.

Akọ̀wé yẹn, ọmọ Yorùbá àdúgbò Alajo ní Accra ni, àbúrò mi dáadáa ni lọ́jọ́ orí. Kámẹ́rà rẹ̀ dára ju tiwa lọ, sùúrù rẹ̀ ni kò tó. Ó ní òun ní kọ̀ǹpútà tó lè dá àwọ̀ padà sínú àwòrán. Mo gbé e fún un. Ó bi mí ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mò ń yà á. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mo sì sọ ọ́ fún un: ó dà bí ìgbà tí èèyàn dùbúlẹ̀ sínú sàréè, tó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó wá sin ín. Mo ní bóyá ohun tí ìyàwó mi rí nìyẹn.

Níwájú ògiri yẹn, mo bi í pé, "Àbúrò, kí lèyí?"

"Chale, Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Èmi ni mo tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ta ló máa gbà pé ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Circle ló ya irú èyí? Ẹ lọ sọ fún wọn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá àwọn wo fóònù tí kò gbaná."

Mo la ẹnu láti pariwo. Olùkọ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan péré sí mi létí: "Ìṣẹ́gun."

Mo pa ẹnu dé. A ti gbọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà pé ní etíkun yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wọ omi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ì báà má pa ẹja kankan, àgbò ni yóò fi bẹ òkun. Bí mo bá ní èmi ni mo ya àwòrán náà, wọ́n á mú èmi àti olùkọ́ mi, wọ́n á sì lé e kúrò ní etíkun tó ti ń jẹun. Mo dúró síbẹ̀. Àwọn àlejò dé. Akọ̀wé sọ ọ̀rọ̀ sàréè náà fún wọn ní èdè òyìnbó. Ó ní bàbá òun ni òun ń rò. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ó gbé ti aláròyé. Akọ̀wé mọ̀ pé èmi kì í ṣe aláròyé, ìyẹn ló ṣe gbé tèmi. Mo lọ sílé. Mi ò jẹun. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń rò ó, mo wọ bọ́ọ̀sì trotro lọ sí etíkun, mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání, mo lọ kí olórí àwọn apẹja, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ataa, ìyẹn bàbá ní èdè Gã. Mo ní, "Ataa, wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ yín láti ìsàlẹ̀ omi, ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ tí wọ́n máa kó àwọn àwòrán náà kúrò lára ògiri, ẹ wá wò ó." Mi ò pa irọ́ kankan. Inú bàbá náà dùn.

Ó dé lọ́jọ́ náà tòun ti aṣọ tó dà kọ́ èjìká. Ọ̀gá akọ̀wé láti báǹkì wà níbẹ̀, ìyàwó akọ̀wé náà wà níbẹ̀. Bàbá dúró síwájú àwòrán náà pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ikùn ọkọ̀ kan tí wọ́n lẹ pákó tuntun mọ́. "Tèmi nìyí. Ta ló yà á?"

Akọ̀wé sáré wá. "Èmi ni, Ataa."

"Ìwọ fúnra rẹ? O ò rán ẹnìkan?"

"Èmi gan-an, Ataa. Èmi ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

"Ọkọ̀ mi yìí," bàbá náà ní, "kì í wà lórí ìdákọ̀ró lọ́sàn-án àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí náà bẹ́ẹ̀. Èyí náà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la wà nílé lọ́jọ́ tí o lọ wo abẹ́ wa."

Akọ̀wé wò mí. Gbólóhùn kan péré ló kù fún un láti sọ, pé òun kọ́ ló yà á, àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ ti sọ pé olè lòun, lójú ọ̀gá rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀. Mi ò gbé ojú kúrò lójú rẹ̀. Mo dúró dè é.

"Mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni, Ataa," ó ní.

"Òkun mọ̀."

Wọ́n ní kó mú àgbò wá sí etíkun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì bọ́ bàtà. Ó bá mi níta níbi tí mo ti ń wá trotro.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pè é."

"Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, torí Ọlọ́run. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tó wọ omi yẹn."

"Ìwọ lo wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́."

Olùkọ́ mi ní mo ti pàdánù àwòrán náà pátápátá, torí ohun tí èèyàn bá ti pa àgbò lé lórí, ta ló tún lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ra búrẹ́dì. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, mo ti lé láàádọ́ta ọdún dáadáa. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí wa ní kí n dárí jì í. Mo máa ń bá wọn ṣe àmín, torí ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mi ò tíì dárí jì í. Àwòrán tó dára ju ìyẹn lọ, mo ti yà wọ́n lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyàwó mi ni mi ò rí gbà padà, mi ò sì ní òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí akọ̀wé máa mú àgbò wá yẹn, mo ti dé etíkun kó tó dé. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, okùn àgbò wà lọ́wọ́ kejì. Àgbò náà kọ̀, ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja dìde wá wòran. Mo mú kámẹ́rà jáde, mo sún mọ́ ọn débi tí mo fi ń gbọ́ èémí àgbò náà, mo sì ya akọ̀wé àti okùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán nínú iyanrìn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́."

Mo tún ya òmíràn.