Ìlà Wẹ́wẹ́ Orí Máàpù

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kóòtù ló ń rán, nínú yàrá kan tó kọjú sí òpópónà. Fóònù rẹ̀ máa ń fara ti àpótí òwú lórí tábìlì, torí ogun ń lọ nínú rẹ̀.

Eré orí ìkànnì ni. Orí máàpù kan ni wọ́n ti ń ṣe é, oníkálukú ní ìlú àti ọmọ ogun tirẹ̀. Kálukú á kọ àṣẹ tirẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Bí àkókò bá tó, eré náà á ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọfà gbọọrọ: ọmọ ogun ń lọ. Òbìrìkìtì: ó dúró. Ìlà wẹ́wẹ́, bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ: ẹnìkan ń ti ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa tírélà, wà nínú eré náà. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wọn láìsọ fún un ni wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Inú eré yìí ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ogun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro, ó di ọ̀rọ̀ ọmọ.

"Abẹ́rẹ́, mo fẹ́ gba èbúté yẹn lọ́la. Tì mí lẹ́yìn o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó kọ àṣẹ náà bí télọ̀. Aṣọ tí a bá rán mọ́ inú kóòtù, ibi tí kóòtù bá lọ ló ń bá a lọ. Ó ní kí ọmọ ogun òun ti ọmọ ogun Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n eré náà kò mọ kóòtù. Ẹni tó bá dúró ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà fún. Ti ẹni tó ń lọ, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ń lọ mọ́ ọn. Nígbà tí máàpù ṣí, ọmọ ogun Ẹ̀gbọ́n nìkan ló dé ẹnu èbúté, àwọn ọ̀tá sì lé e padà.

"O ti gbẹ̀san ẹ̀rọ Bàbá," ni Ẹ̀gbọ́n kọ. "Ó dáa náà."

Abẹ́rẹ́ kọ̀wé títí, kò sí èsì. Ó rán apá kóòtù kan sódì.

Ìyá Oníbọ́tìnnì, tó ń bá a kan bọ́tìnnì, yọjú wo fóònù. "Ṣé torí ìlú inú fóònù lo ṣe ń ba aṣọ aláṣọ jẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe ìlú."

"Àmì pupa wo ló dábùú ìlà wẹ́wẹ́ yìí?"

"Àṣẹ tó kùnà ni." Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tó fi gbá fóònù mú. Ó ya máàpù náà ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́. "Ẹ fojú yín wo ìlà yẹn. Ọ̀dọ̀ yín ló kọjú sí. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ dalẹ̀ ni, ṣé mo tún máa nawọ́ sí yín? Mi ò mọ̀ ọ́n kọ ni."

Nígbà tí máàpù tún ṣí, àwọn ọ̀tá ti kọlu olú-ìlú Abẹ́rẹ́, wọn ò sì rí i gbà. Òbìrìkìtì yí ọmọ ogun rẹ̀ ká, ìlà wẹ́wẹ́ kan sì ti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n wá kàn án, láìsí àmì pupa kankan.

"Ẹni tó dúró ni wọ́n ń kọ irú èyí fún, olódo," ni Ẹ̀gbọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. "Bàbá ì bá ti fi rúlà gbá ẹ lórí."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí Ìyá Oníbọ́tìnnì fi bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ń tú apá kóòtù náà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Abẹ́rẹ́," ni ohùn Ẹ̀gbọ́n wí, ariwo ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀, "jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn."

Abẹ́rẹ́ fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀, ó tẹ́tí sí i.