Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Ọlọ́pàá

Nígbà tí èmi tí ẹ̀ ń wo ewú lórí rẹ̀ yìí ṣì wà ní ọmọdé, ní ìtòsí Largo ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀yin ọmọ, a jẹ ayé! Ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Dókítà ni bàbá wa, nọ́ọ̀sì ni ìyá wa. Adájọ́ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, aláwọ̀ dúdú ni. Dókítà tó ń tọ́jú eyín wa, aláwọ̀ dúdú. Ibo la ti fẹ́ mọ̀ pé àwọ̀ lè dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Lójú wa, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti di ìtàn baba ńlá àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tiẹ̀ máa ń pariwo rẹ̀ jù. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ òyìnbó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ lọ́yà, ni wọ́n jọ ń ṣe àríyànjiyàn fún ilé ìwé olówó gọbọi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ọmọ òyìnbó yìí ti di ọmọ ilé wa. Bó bá ti rí ìyá wa, á kúnlẹ̀ gbì! Ẹ̀rín á fẹ́ pa wá, nítorí ọmọbìnrin ló ń kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ní Sátidé kan, wọ́n lọ bá ilé ìwé mìíràn jiyàn ní ìlú kan tó jìnnà sí tiwa. Ìhà tí wọ́n fún wọn ni pé ní Amẹ́ríkà òde òní, àwọ̀ kò dá ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ dúró mọ́. Háà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Àwa la gbégbá orókè! Èmi ni mo gbé ife ẹ̀yẹ lé itan lẹ́yìn ọkọ̀ bàbá wa tí ẹ̀gbọ́n mi ń wà, à ń kọrin, à ń fọwọ́ lu ìjókòó. Mi ò rò pé inú mi tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A ò tíì jáde nílùú náà tí iná ọlọ́pàá fi ń kọ mànà lẹ́yìn wa. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó wo dígí, ó rí i pé àgbàlagbà ni ọlọ́pàá náà, irun rẹ̀ funfun. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí a bí ire kì í jókòó kí àgbà. Ìgbájú ni ìyá wa fi kọ́ wa. Ló bá ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba: "Good afternoon, sir."

Ìbọn ni bàbá náà fà yọ. Ó ní kó dojú bolẹ̀ lórí ọ̀dà kíákíá, kó gbé ọwọ́ síbi tí òun á ti rí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó ti bẹ́ jáde lódìkejì, ó ń pariwo, ó ń nàka sí ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá sọ fún un: "Son, please, get back in the car." Jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí; mo rò pé wọ́n máa pa ẹ̀gbọ́n mi lójú mi. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí kò tàn ni gbogbo ẹjọ́ ọ̀hún, wọ́n sì jẹ́ ká máa lọ.

Bí a ṣe ń lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́kún. "But I got out too," ló ń wí ṣáá. 

Ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nígbà tó gbọ́. Ó fi ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga ìjẹun, ó gbé àwo fún un, ó ní kó dì í mú bí ẹni ń wa ọkọ̀. Ó ní òun ni ọlọ́pàá, àti pé awakọ̀ tí ọlọ́pàá bá dá dúró níbí kì í sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti ń rìn bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dìde láìmọ̀.

"Jókòó! Sit down, mo bẹ̀ ọ́!"

Ìyá tó fi ìgbájú kọ́ wa ní ìdìde ló ń fi omijé kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìjókòó. Nígbà tó wá jókòó jẹ́ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára àwo, gbogbo wa hó yèè!

Ayé ti yí padà. Lóde òní, àwọn ọmọ olówó pàápàá, àti dúdú àti funfun, ń wo fídíò irú ìwà ọlọ́pàá yìí lórí fóònù, wọ́n sì ń bá wa jiyàn rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ń wú mi lórí! Ọmọ mi ọkùnrin náà ti ń kọ́ mọ́tò. Ìjókòó ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi wọlé wá, ọmọ náà sì jókòó gẹlẹtẹ: "Hi, Grandma!" Mo la ẹnu láti jágbe mọ́ ọn pé kó dìde kí àgbà. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Jẹ́ kó jókòó."