Ṣé Iná ti Lọ Ni?

Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá mi ní Ṣakí ló ń pe ẹ̀rọ yẹn ní kíbọ́ọ̀dù, èmi náà sì ti jáwọ́ nínú bíbá wọn jiyàn. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n mọ̀, ohùn tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é ni yóò máa sọ títí ayé. Tèmi yìí, ṣe ló ń ṣẹ̀dá ohùn. Oníṣòwò kan tó máa ń gba ẹnu ibodè lọ sí Kútọnu ló bá mi rà á ní àlòkù. Ọ̀kadà ló fi gbé e dé, ó há a mọ́ àárín àpò òkìrìkà méjì. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Nígbà tí mo tan án tó dáhùn, mo ṣe Alihamudulilahi kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn lára rẹ̀.

Ọ̀pá kékeré kan wà lápá òsì rẹ̀, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Èèyàn á to ohùn mẹ́rin sí igun mẹ́rin, ọ̀pá náà á wà láàárín wọn. Igun tí o bá tì í sí, ohùn ibẹ̀ á máa pọ̀ sí i, ti àwọn yòókù á máa dín kù. Ẹni tó bá ti bá wọn gbé ẹní èlùbọ́ sá fún òjò rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni mẹ́rin á di igun mẹ́rin mú, ẹni tí ẹní bá dà kọ ni ẹrù á wọ̀ lọ́wọ́ jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá.

Inú ohùn kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ìgbì kéékèèké ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, kókó kan sì wà tí èèyàn ń yí láti fi rìn láàárín wọn. Nígbà tí Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni mò ń yí kiri láti àárọ̀, mo ní kí wọ́n wo iṣu. Ẹ gé e láti orí dé ìdí. Iṣu kan náà ni, àmọ́ adùn orí kọ́ ni adùn ìdí, kò sì sí ibi tí ẹ lè fọwọ́ sí pé ibí gan-an ló ti yí padà. Ibi tó ti ń yí padà yẹn ni mò ń wá. Wọ́n ro ó díẹ̀, wọ́n ní, "O wá ń jẹ iṣu kan ṣoṣo láti àárọ̀, o ò tíì yó."

Ìyá Àgbà ni ìyálé ìyá mi. Bàbá wa fẹ́ wọn ṣáájú, bàbá ti lọ, kí Ọlọ́hun tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó méjèèjì kò fi ilé sílẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ka oore tí Ọlọ́hun ṣe fún mi, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ló bí mi, Ìyá Àgbà ló pọ̀n mí. Bí ìyá mi bá ń nà mí, Ìyá Àgbà á gbà mí sílẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á pààrọ̀ iṣẹ́. Rédíò àkọ́kọ́ tí mo tú palẹ̀ láyé mi, ti Ìyá Àgbà ni, n kò sì mọ bí mo ṣe máa tò ó padà. Wọn kò nà mí. Wọ́n kó ìfun rẹ̀ sínú igbá, wọ́n ní kí n máa fi ṣeré, nítorí ó ti bàjẹ́ náà ni. Lónìí, mò ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn olórin láti Komu títí dé Ìgbẹ́tì. Inú igbá yẹn ni iṣẹ́ náà ti jáde.

Ìyá mi ní tiwọn kì í sọ̀rọ̀ lórí orin mi. Bí mo bá tẹ ohun tó dùn, wọ́n á ní, "Ó dára." Bí mo bá tẹ ohun tó lé ewúrẹ́ jáde, "Ó dára." Lọ́jọ́ kan mo béèrè bóyá wọ́n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára." Inú a máa bí mi. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n fẹ́ kí n jẹ́ tíṣà ni, wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ síta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan, lásìkò tí iṣu tuntun ń wọlé, Ìyá Àgbà pè mí sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé.

"Jókòó, ọkọ mi. Mò ń lọ bá ọmọ mi obìnrin ní Tẹ̀dé. Láàárọ̀ Jímọ̀ ni mọ́tò ń bọ̀ wá gbé mi."

Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ lọ kí wọn ni, Màmá?"

"Rárá. Mò ń kó lọ."

Wọ́n fa ìborùn wọn bo ẹnu bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá rẹ ń kúnlẹ̀ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń ní ẹ káàárọ̀. Èmi náà á bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, orúnkún ńkọ́. Mi ò tíì ní sọ̀rọ̀ tán tí yóò fi dìde, á kẹ̀yìn sí mi, á bá tirẹ̀ lọ. Mo pè é lọ́sàn-án, kò dáhùn. Mo pè é nírọ̀lẹ́, kò wẹ̀yìn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ìyálé nìyẹn? Mo mọ ohun tó fà á. Oko etí odò tó bọ́ sọ́wọ́ mi nígbà tí a pín ogún ni. Kó gbà á. Mi ò lè jókòó síbi tí wọ́n á ti máa fi ìkíni bú mi lọ́jọ́ alẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni àwọn ìyá méjì yìí ti jọ wà lágbolé kan. Bí ọ̀kan bá lọ, ta ni èkejì yóò máa bá sọ̀rọ̀ nínú ilé ńlá yẹn? Mo kọjá sí ìdí iná, mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ro ọbẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló wà láàárín àwọn àti ìyálé wọn.

Wọ́n ní, "Ó kù díẹ̀ kó jiná."

Mo ní kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí n lọ fọwọ́. Mo fi ìbínú jáde. Lójú tèmi, àgbà tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ parí. Ẹgbẹ́ Alásàlátù kan fẹ́ gba orin Mọ́lúdì sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ohùn tí yóò rọra tẹ́ sábẹ́ tiwọn láìbá a jà. Mo to ohùn mẹ́rin sí igun mẹ́rin. Èyí tó wúwo jù ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọgì tó wà lókèèrè, èyí tó tín-ín-rín jù ń ké bí irin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò. Mo wá ní kí ẹ̀rọ náà máa rìn fúnra rẹ̀ láti ìgbì ìsàlẹ̀ lọ sí ti òkè, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì tún padà.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, nítorí atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀. Bí ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, mo rí i tí orí wọn ń mì tẹ̀lé e. N kò rí irú rẹ̀ rí, inú mi dùn. Ohùn ń gòkè. Ewúrẹ́ tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dìde, ó jáde. Orí ìyá mi dúró. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé iná ti lọ ni?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohùn náà ti gba gbogbo yàrá kan. Ó dé òkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ìyá mi ní, "Hẹn-ẹn, wọ́n ti mú un wá." Orí wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Mo dá ẹ̀rọ náà dúró, mo fi ọwọ́ ara mi di kókó rẹ̀ mú. Mo yí i sókè díẹ̀díẹ̀, iná lọ. Mo yí i sísàlẹ̀, iná dé. Mo ti ọ̀pá sí igun tó wúwo, iná dé. Mo tì í sí igun tó tín-ín-rín, iná lọ. Ojú ibì kan náà ló ń já sí nígbà gbogbo. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí ni mo ti ń wá ibi tí ìgbì kan ti ń di òmíràn, etí tèmi kò rí i. Etí ìyá mi ló wá fi hàn mí.

Mo dìde, mo lọ dúró sẹ́yìn wọn, mo pè wọ́n. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Omi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú orin tí wọ́n ní ó dára yẹn, wọn kò gbọ́ ọ. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń rí i pé inú mi ń dùn sí ohun tí mò ń ṣe, ìyẹn ni wọ́n ń sọ pé ó dára.

Mo wá jókòó síwájú wọn, mo bi wọ́n tààrà bóyá etí wọn ṣì ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n kọ́kọ́ sẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ.

"Láti ìgbà ọyẹ́ ni. Tí ẹnu èèyàn bá wà níwájú mi, mo máa ń mú ohun tó pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyálé mi, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ìborùn bo ẹnu, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́."

Ó wá yé mi. Dókítà tí a lọ rí lẹ́yìn ìgbà náà ní ohùn tó tín-ín-rín ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá mọ́ àgbà lọ́wọ́, ohùn Ìyá Àgbà sì rèé, tín-ín-rín ni láti ilẹ̀ wá. Ìborùn ńkọ́? Àwa ọmọ ilé mọ̀ pé eyín iwájú wọn ti jábọ́, àwọn nìkan ló rò pé a kò mọ̀. Eléjí ni wọ́n nígbà èwe. Èjí yẹn ni bàbá wa máa ń fi kì wọ́n, títí di ọjọ́ ogbó. Ọ̀kan ń fi ẹnu pamọ́, èkejì ń fi etí pamọ́, àwọn méjèèjì sì ń jí lójoojúmọ́ wá kí ara wọn.

Mo sọ fún ìyá mi pé Ìyá Àgbà ń kó lọ sí Tẹ̀dé, mo sì sọ ohun tó fà á. Mo ní láti tún un sọ. Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé.

"Kí wọ́n wá máa fi ọwọ́ júwe fún mi bí adití? Kí wọ́n máa ṣàánú mi nínú ilé tí mo ti ń sáré jẹ́ ìpè wọn? Má sọ fún wọn. Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Tó bá máa di sísọ, ẹnu mi ni yóò ti jáde."

Ọmú ìyá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ọjọ́bọ̀ dé, Ọjọ́bọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, ẹrù Ìyá Àgbà ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àpótí, ẹní ìkírun àti ìkòkò kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gbọ́ orin àwọn Alásàlátù kí wọ́n tó lọ, nítorí ọ̀rẹ́ wọn pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Mo pe ìyá mi náà. Àwọn méjèèjì jókòó lórí àga gígùn kan náà bí àwọn tó wọ mọ́tò kan láìmọra.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun tó wúwo, orí àwọn méjèèjì sì ń mì. Mo rọra ń gbé ọ̀pá lọ sí igun tó tín-ín-rín, mo ń yí kókó sókè, mo ń gbàdúrà nínú ọkàn mi. Ó dé ibi tí mo mọ̀, orí ìyá mi dúró. Mo ń bá a lọ. Ó ga débi tí Ìyá Àgbà fi fi àtẹ́lẹwọ́ di etí méjèèjì, tí wọ́n fajú ro. Ìyá mi wò wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ mi lórí ẹ̀rọ, wọ́n tún wo ìyálé wọn tó di etí. Mo rí i lójú wọn pé títí di ìgbà yẹn, wọn kò mọ bí ohun tó ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ ṣe pọ̀ tó.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àga, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ìyálé mi, ohun tó ń dùn yín létí yìí, èmi ò gbọ́ ọ."

Mo pa ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà sọ nǹkan kan nísàlẹ̀ ìborùn. Ìyá mi mi orí.

"Èyí tí ẹ sọ yìí náà, mi ò gbọ́ ọ. Ó pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ yín. Tí mo bá kí yín, ìborùn ni mo máa ń wò. Tí kò bá mì mọ́, mo máa ń rò pé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán."

Ìyá Àgbà wò wọ́n títí. Wọ́n wo èmi náà, mo wolẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìborùn kúrò lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ sí èjìká, wọ́n tẹ̀ síwájú.

"Ìyàwó, ṣé o gbọ́ mi báyìí?"

Ìyá mi ń wo ẹnu náà. Ẹnu ya àwọn náà.

"Ìyálé mi, èjí yín dà?"

Ìyá Àgbà ní, "Ó ti gba gbogbo ẹnu."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó fi àwọn méjèèjì ṣe ìyá mi, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ dànù sí Kútọnu.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Àgbà rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n tún ìkíni náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ó sùn dáadáa. Orúnkún ńkọ́. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu ìyálé wọn, wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́tò Tẹ̀dé dé, ó fọn fèrè níwájú ilé. Ìyá mi kò gbọ́ ọ.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Orúnkún kejì ńkọ́?"