Àdúrà tí Mo Gbà Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe mọ́tò. Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀ mí, wọn ò sì lè tọ́ka sí Adó-Èkìtì lórí àwòrán ayé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dá ìbínú mi dúró. Páàtì mọ́tò ni mo ń tà ní Fájuyì. Ìwé mi ò pọ̀, mi ò parí girama. Ohun tí mo mọ̀ dáadáa ò ju ẹyọ kan lọ: mo mọ mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mi ò ní yíjú tí màá fi mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní Bàbá, ló kó o sí mi lórí. Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Òkè-Ìlá ló kọ́lé sí. Láti kékeré, mọ́tò kan náà ni mo mọ̀ mọ́ ọn, mánúà aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. Èésì rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ti kú tipẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀! Ẹ ò ní láti bẹ̀ ẹ́. Ẹ kó ẹrù sí i, ẹ kó èèyàn sí i, ẹ kọjú rẹ̀ sí òkè, á kan rẹ ohùn sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ gbé nǹkan, á sì gbé e.

Inú mọ́tò yẹn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. "Má wo ilẹ̀," ni Bàbá máa ń wí tí mo bá fẹ́ wo ibi tí ẹsẹ̀ òsì mi ti ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. "Kílọ́ọ̀ṣì ò ní sá lọ. Gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ, ọwọ́ rẹ á mọ ìgbà tó yẹ kó yí jíà."

Ó ní oko ìrẹsì ní Ìgbẹmọ. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti òun la jọ máa ń lọ. Òun á wà á lọ, èmi á wà á bọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa wà á lọ kí n tún wà á bọ̀, pé òun fẹ́ máa wo oko àwọn èèyàn lójú ọ̀nà. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n wà débi pé Bàbá lè gbọ́kàn lé mi ni. Òkè kan wà lójú ọ̀nà yẹn, bí o bá ń lọ wàá gùn ún, bí o bá ń bọ̀ wàá tún gùn ún. Bí mo bá ti jíà kẹrin wá sí ìkẹta lásìkò tó yẹ gan-an, Bàbá ò ní sọ nǹkan kan. Á kan mi orí díẹ̀. Orí mímì yẹn máa ń tó mi í jẹ títí di Sátidé mìíràn.

Àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò ní Fájuyì ò pọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ara wa. Èyí tó sún mọ́ mi jù ni panẹ́bítà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti ń retí módẹ́ẹ̀lì tuntun irú mọ́tò tí Bàbá ní yìí. A ò ní owó tí a máa fi rà á, a kàn ń retí rẹ̀ bí àwọn mìíràn ṣe ń retí bọ́ọ̀lù ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọdá wá bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó fajú ro.

"Ó ti jáde," ló wí. "Mánúà ò sí nínú rẹ̀."

"Ní orílẹ̀-èdè wo?"

"Ní gbogbo ayé. Mánúà ti kú, ọ̀rẹ́ mi. Ìnnà lílláhì."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Písítìnì mẹ́ta."

"Mẹ́rin ló ní tẹ́lẹ̀!"

"Wọ́n ti yọ ọ̀kan. Wọ́n ní tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì á máa ràn án lọ́wọ́."

"Èwo ni ìrànlọ́wọ́? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?"

"Dúró, o ò tíì gbọ́ ti jíà. Kò sí jíà nínú jíàbọ́ọ̀sì rẹ̀. Bẹ́líìtì irin kan ló ń yí nínú ibẹ̀. Tí o bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ pariwo, mọ́tò á wá ronú bóyá kí òun lọ." Ó fi ẹnu ṣe bó ṣe ń dún fún mi. Bí ẹ̀rọ ìlọta gan-an ló ṣe ń dún.

A wo fídíò náà dé ìparí. Ọkùnrin tó ń polówó rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tí wọ́n gbé síwájú awakọ̀ nínú mọ́tò ló ń fọwọ́ yí lọ yí bọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí ló bí mi nínú jù. Wọ́n yọ písítìnì, wọ́n yọ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ jíà, wọ́n wá fi tẹlifíṣọ̀n tù wá nínú bí ẹni ń tan ọmọ tó ń sunkún jẹ.

Wọ́n ní kó má baà jẹ epo ni. Mo mọ̀ pé epo wọ́n, èmi náà ń ra epo. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá kó ìrẹsì sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wá gun òkè Èkìtì. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, omi ló ń mu ni? Jíà oníbẹ́líìtì yẹn náà, tó bá bàjẹ́, wọn kì í tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí ẹ pààrọ̀. Mo ti rí àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa wo títì.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìyàwó Bàbá pè mí. Ìyá yẹn máa ń fi èdè Adó há ọ̀rọ̀ tó bá ń bá mi sọ. "Bàbá rẹ ti ra mọ́tò," ló wí. "Mọ́tò tuntun! Ka wá sí ulé ní Sátidé, a fẹ́ gbàdúrà sí i."

Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí pé kò mú mi dání lọ rà á. Nígbà tí mo dé Òkè-Ìlá, mo rí i lójúde, funfun, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn níwájú. Òun ni. Oní-písítìnì-mẹ́ta. Tèmi àti Bàbá, èyí aláwọ̀ eérú, wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì.

Tí ẹnikẹ́ni bá ra mọ́tò nínú ẹbí wa, gbogbo wa la máa yí i ká. Ẹni tó bá kàn á gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gbàdúrà kan, a óò ṣe àmín, ó di ẹni tó tẹ̀ lé e. Àgbà ló máa ń ṣáájú. Wọ́n gbàdúrà pé kò ní rí ìjàǹbá. Wọ́n gbàdúrà pé ọmọ ọmọ ni yóò máa gbé. Aládùúgbò wọn kan, Àlàájì tó ń ta aṣọ, náà gbé ọwọ́ lé e, ó gba tirẹ̀. Ìbínú ń gùn mí bọ̀ láti inú. Lójú tèmi, wọ́n ń kí Bàbá kú oríire pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí wọn, òun tó kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì!

"Ó kan ọ̀gá mọ́tò," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó tì mí síwájú.

Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Olúwa, a dúpẹ́ o," ni mo bẹ̀rẹ̀. "Fún mọ́tò yìí lágbára, torí pé àwọn tó ṣe é ò fún un."

"Àmín!" Wọn ò tíì gbọ́ ohun tí mo wí.

"Písítìnì tí wọ́n yọ, fi áńgẹ́lì kan dí ibẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́.

"Tó bá dé òkè Ìgbẹmọ, rán àwọn tó máa tì í. Kí o sì dárí ji gbogbo ẹni tí ọ̀lẹ ò jẹ́ kó lè yí jíà mọ́."

Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń rẹ́rìn-ín wọnú aṣọ. Àlàájì ń wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti bí mi. Mo wo Bàbá. Ẹni tó ní kí n má wo ilẹ̀, ilẹ̀ lòun ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé," ló wí nígbẹ̀yìn. "Oúnjẹ ti délẹ̀."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò pè mí. Òmíràn tún dé, kò pè mí. Mo rò ó fún panẹ́bítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú rẹ̀.

"O mà bú bàbá náà o. Nínú àdúrà!"

"Mọ́tò ni mo bú."

"Ṣé mọ́tò ló ra ara rẹ̀ ni?"

Mo ń bá ìbínú mi lọ, mo ń bú àwọn tó ṣe mọ́tò fún gbogbo oníbàárà tó bá fetí sí mi, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ni mo máa ń rò. Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní jókòó níbẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló tún pè mí. Wọ́n ti kórè ìrẹsì, ẹni tó máa gbé àpò ò sí. "Kì í ṣe òun ló ní kí n pè ọ́ o," ló wí. "Èmi ni mo pè ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lójúde. "Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Hẹ̀n." Ó kọjá lára mi.

Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò funfun náà, ó fi ìdí jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò rẹ̀ mú níbi orúnkún òsì, ó gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni gbé àpò, ó gbé e sínú mọ́tò. Gbogbo ìgbà tó ní òun fẹ́ máa wo oko àwọn èèyàn wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín..."

"Ẹsẹ̀ mi ti fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tipẹ́. Wọlé, kí o pa ilẹ̀kùn dé."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ṣé kí n sọ ọ́ kí o wá fi gbàdúrà ni?"

Ó wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbẹmọ. Mo gbé àpò ìrẹsì, mo tò wọ́n sẹ́yìn àti sórí àga, a kọrí sílé.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, Bàbá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ké. Ó ké bí panẹ́bítà ṣe fi ẹnu ṣe é fún mi, ohùn kan ṣoṣo, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, eré mọ́tò sì ń dín kù lábẹ́ wa. Ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin àti agbọ̀n tòmátì kọjá wa. Ó yíjú wo inú mọ́tò wa bóyá nǹkan ń ṣe wá. Tírélà kan dé ẹ̀yìn wa, ó ń fọn fèrè.

Ojú Bàbá ti le. Lójijì ó fi ọwọ́ gbá sítíárín.

"Kí ni wọ́n rò?" ló pariwo. "Mo bi wọ́n níbi tí mo ti rà á! Mo ní ẹ fún mi ní ẹ́ńjìnnì ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi jíà ọ́tò gidi tó ń yí fúnra rẹ̀ sí i, torí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní wọn ò ṣe é mọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń fi hàn mí! Ṣé wọ́n rò pé ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ò ní òkè lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ ni?"

Mi ò tíì gbọ́ ọ kó pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú láti ọjọ́ yìí, ti ẹni tí wọ́n gba nǹkan eré rẹ̀ ni. Tirẹ̀ yìí ni ìbínú. Èmi ni mo sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀rín lójúde rẹ̀, níwájú ẹbí àti aládùúgbò.

Tírélà tún fọn fèrè.

"Àdúrà ọjọ́sí yẹn," ni Bàbá wí. "Tún un gbà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

"Mo ní kí o tún un gbà. Yọ ti ọ̀lẹ kúrò níbẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé iwájú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo ní kí Olúwa fún un lágbára, torí pé àwọn tó ṣe é ò fún un. Mo ní kó fi áńgẹ́lì dí àyè písítìnì. Mo ní kó rán àwọn tó máa tì í.

"Àmín!" Bàbá pariwo rẹ̀ kí n lè gbọ́, torí ariwo ẹ́ńjìnnì. A ò tíì dé orí òkè.