Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Nínú Ìwé Omi

Bí ẹnikẹ́ni ní Lokoja bá ní òun mọ odò Ọya ju Oyèníyì lọ, irọ́ ló ń pa. Láti 1969 ni ìjọba ti gbà á síṣẹ́ pé kó máa ka ìwọ̀n omi. Òpó irin kan wà létí odò ní Kpata, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ dókè. Láràárọ̀, ọmọ Kábà yìí á ká ṣòkòtò sókè, á sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi tí omi dé, á kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ẹlẹ́ja sọ ọ́ ní Akọ̀wé Omi, wọ́n á ní kó bá àwọn kí omi. Kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú tirẹ̀.

Ní 1986, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Olúṣínà dé láti Ìlọrin. Ìjọba fẹ́ kọ́ ìsọ̀ tuntun fún àwọn ẹlẹ́ja létí odò, ẹnjiníà sì ní láti mọ ibi gíga jù lọ tí omi dé rí, kí ilẹ̀ ìsọ̀ lè ga jù ú lọ. Ó yẹ ìwé Oyèníyì wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú rẹ̀ dùn, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ìsọ̀ máa ga dé.

Àdìjátù, ìyá àgbà ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ti ń yan ẹja níbẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó náà, wo èèkàn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, omi á wọ ibí yìí o. Ọdún tí Àmínát mi lọ ilé ọkọ, ó kọjá ibẹ̀. Ẹ wá wo inú ilé ìkẹ́rùsí yìí."

Lóòótọ́, ìlà ẹrẹ̀ gbígbẹ kan wà lára ògiri, ó ga ju èèkàn lọ dáadáa. Wọ́n fi ọjọ́ orí ọmọ Àmínát ṣírò ọdún náà: 1978 ni. Olúṣínà ṣí ìwé ọdún yẹn, ó mi orí.

"Ìwé ní omi ò dé ibẹ̀, Ìyá. Sáyẹ́ǹsì la fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìtàn. Ẹrẹ̀ lè ti ibikíbi wá. Àbí, Bàbá?"

Oyèníyì rántí ọdún náà. Ní oṣù kẹsàn-án 1978, ìyá rẹ̀ kú ní Kábà. Ó lọ láìsọ fún ọ́fíìsì, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó padà dé, ó bá omi níbi tó fi í sí gan-an, ó rò pé kò kúrò níbẹ̀, ló bá jókòó, ó fi orí ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà fún ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ti sún mọ́lé. Bó bá dákẹ́, lọ́jọ́ kan omi á gbé ẹrù àwọn ìyá yìí lọ. Ẹ̀rù bà á gidi.

"Ọ̀gá, ìyá yìí ló sọ òótọ́. Mi ò sí ní Lokoja fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kàn kọ nọ́ńbà yẹn ni."

Olúṣínà pa ìwé dé. "Ọjọ́ mélòó ló tún wà bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí mọ́, ọ̀gá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀, Bàbá?"

Oyèníyì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Olúṣínà. Ọdún mẹ́tàdínlógún tó fi rin inú òjò àti ọyẹ́, irọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kó èérí bá gbogbo rẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Àdìjátù ló dáhùn. "Èmi mọ̀. Iná ẹja mi kọjú sí òpó yẹn. Láràárọ̀ ni mò ń rí i, àní nígbà tí ibà ń gbọ̀n ọ́n. Ìgbà kan ṣoṣo ni mi ò rí i, mo béèrè, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ló kú."

Olúṣínà pe àwọn ẹlẹ́ja yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnìkan má gbọ́ tẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀. Ó fa èèkàn tu, ó gbé e gòkè. Ó fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó kọ ohun tí Àdìjátù rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ìyá wá tẹ ìka sí i.

Oyèníyì ló di ìwé náà mú fún un.