Àwọn Tó Kó Òkúta, Tí Wọ́n Fi Ata Sílẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi sí i. Mo jókòó jẹ́ẹ́ tèmi nídìí òwú àti bọ́tìnnì tí mò ń tà ní ọjà Akẹ́sàn, ló bá dé láti ilé ìwé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣe ojú àánú.

"Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń pè ní Bàbá. Ẹ̀yìn Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Iṣẹ́ ìwé dídì ló ṣe títí tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọmọ náà ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ ohun tó fẹ́. Ìwé mẹ́fà ni, ìwé ọmọ iléèwé lásán, tí ẹ̀gbọ́n mi fi awọ dì fúnra rẹ̀, tó sì kó sínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni pé góòlù ni.

Nígbà tí a wà ní kékeré, òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ padà sílùú rẹ̀, ó wá fún ẹ̀gbọ́n mi ní páálí kan. Dáìsì ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ti lúdò olójú mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀ o. Òmíràn ní ojú ogún. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó kún fún àwòrán ejò oníyẹ̀ẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu. Eré ni, àmọ́ kò sí pátákó, kò sí ọmọ ayò. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn tó kù á di ẹni inú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é títí tí ọ̀rọ̀ yìnyín àti ààfin òyìnbó fi sú wọn. Ló bá jókòó, ó dá ayé tirẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé mẹ́fà yẹn. Ó pè é ní Ẹ̀yìn-Ìrì, torí inú ìrì òwúrọ̀ lèèyàn ń gbà wọbẹ̀. Tí oòrùn bá ti yọ, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Igbó tó ń rìn wà níbẹ̀. Odò kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn kọjá àfi tó bá kí i dáadáa.

Èmi ni mò ń gbé omi mímu fún wọn. Pírámárì mẹ́rin ni mo kà mọ, wọn ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan dáìsì. Àmọ́ tí ìtàn bá ti dé ọjà, èmi ni wọ́n máa ké sí pé kí n wá ṣe ìyá ọlọ́jà. Mo máa ń bú wọn dáadáa. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ jí Ẹ̀yìn-Ìrì dìde fún àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ níwèé, wọ́n fẹ́ gbé e sórí fóònù. Ọdún méjì ni ọmọ mi ti ń lé e kiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fún un.

Mo pè é lórí fóònù.

"Wọ́n máa bà á jẹ́ ni," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n wá ṣeré náà lójú mi lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé Ẹ̀yìn-Ìrì, kí wọ́n máa kó ìwé lọ. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ sin àpótí náà mọ́ mi."

"Ta ló ráyè sin yín?" ni mo dá a lóhùn. "Ọjà ò tíì tà."

Bí mo ṣe fi àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ nìyẹn, Sátidé tí àwọn télọ̀ máa ń rọ́ wá ra òwú, tí mo gbé báàgì ọjà mi kọ́ apá, tí mo wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ burúkú yẹn. Ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kí n tó dé. Ọmọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin méjì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ọ̀kan wọ gíláàsì ojú, gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ ló ń kọ sílẹ̀. Fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ èkejì. Tòun ti fóònù ló fi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn, Mọ́mì."

Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Onífóònù ní àwọn èèyàn òde òní ò ní sùúrù, kí àwọn yọ ìkíni odò yẹn kúrò.

"Ẹ yọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi ní, "kí ẹ wá wo ohun tí odò máa fi yín ṣe."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n kí odò. Wọ́n kí i tán, ó jẹ́ kí wọ́n kọjá, ara mi wá balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sún ìwé mọ́ ojú, ó ń bá ìtàn lọ: ẹ dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹ rí ata tí wọ́n kó jọ sórí ewé. Ẹ rí iṣu mẹ́ta, ẹ rí epo nínú akèrègbè. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Òkúta wẹ́wẹ́ márùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata, mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Kí lẹ fẹ́ ṣe?

Onígíláàsì ju dáìsì, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá pańpẹ́ ni. Kì í ṣe pańpẹ́.

"Òkúta agbára nìyẹn!" Onífóònù ti dìde dúró. "Wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ ni. Mo kó ti ẹ̀gbẹ́ ata."

"Èmi kó ti ẹ̀gbẹ́ iṣu," ni ọmọ bíbí inú mi wí.

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Ẹ wá fi ata sílẹ̀?"

"Mọ́mì, kí la fẹ́ fi ata ṣe nínú ìjà?"

Ìyá wa àgbà ní Ìrẹsà, bó ṣe ń ta ata nìyẹn. Á pàtẹ rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì gba oko lọ. Òkúta ni iye owó. Ẹni tó ń kọjá á kà á, á fi owó sílẹ̀, á gbé ata. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìyá wa àgbà wọ inú Ẹ̀yìn-Ìrì, àwọn wọ̀nyí sì ti kó iye owó ọjà rẹ̀ sápò láti lọ fi bá iwin jà. Inú bí mi sí wọn, inú sì bí mi sí ara mi, torí mi ò sọ ọ́ fún ọmọ náà rí. Ibo ni ì bá ti rí i? "Ẹ fún mi ní àkáǹtì yín, kí n fowó ránṣẹ́" lòun mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pa ìwé dé. "Iye owó ọjà lẹ kó sápò yẹn. Ó ti tó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," Onífóònù ní. "A lè kọ ọ́ síwájú ìwé pé òkúta ni iye owó."

"Ayé tí a máa kọ àlàyé sí ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan, ayé wo nìyẹn?"

Omi ti ń kún ojú ọmọ mi. Onígíláàsì ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Gbogbo wọn sú mi pátápátá, àtàgbà àtọmọ. Mo gbé báàgì mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, mo to òwú, abẹ́rẹ́ àti síìpù sórí ẹ̀. Mo ṣa òkúta níwájú ilé, mo fi márùn-ún ti òwú.

"Òkúta kan, ọgọ́rùn-ún náírà," mo ní. "Ẹ wá rajà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìnkùlé. Ọlọ́jà kì í dúró."

A jókòó sẹ́yìnkùlé. "Tí wọ́n bá kó òwú ẹ lọ ńkọ́?" ó bi mí.

"Màá bú wọn títí wọ́n á fi jáde ilé ìwé."

Nígbà tí a padà, òwú kan ti lọ. Irínwó náírà wà ní àyè rẹ̀, òkúta mẹ́rin wà lórí ẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Òkúta karùn-ún dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí: *Ìyá ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba mẹ́rin. Tí kò bá gbà, ẹ gbé òkúta yìí padà sáàárín, a máa rí i tí a bá ń padà bọ̀.*

"Ta ló bá òkúta nájà?" mo pariwo. "Ta ló kọ́ yín?"

"Ẹ̀yin ni," ọmọ mi ní. "Ẹ ní ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ó ń ṣàìsàn."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Ó ní kí wọ́n fún òun ní báírò, ó sún ojú mọ́ ìwé kẹrin, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i pé ní Ẹ̀yìn-Ìrì, èèyàn lè yọ òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó sì dúró gbọ́ èsì. Ó wá wọlé, ó fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́.

"Ìkíni odò ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ o."

"Kò ní kúrò, Bàbá."

Mo ju òkúta karùn-ún sínú koríko. Mo gba irínwó. Iye tí mò ń tà á ní Akẹ́sàn náà nìyẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo ti gbé báàgì kọ́ apá, mò ń ronú àwọn télọ̀ tó ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi láti inú ilé.

"Ìwọ yìí! Wọ́n ti dé ọjà o."

Ọkọ̀ máa kún. Oòrùn máa mú. Mo gbé báàgì sílẹ̀, mo wọlé lọ bá wọn.

"Ẹ̀yin wo nìyẹn?" mo ní. "Ta ló ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ eléèérí yín tẹ ẹní ọjà mi?"