Oṣù Kan Láìsí Ìwọ̀

Abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń pè é, nítorí pé aṣọ ló ń rán. Ogójì ọdún ni obìnrin náà ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, tí kùrukùru ṣì bo omi bí òwú tí wọ́n gbọ̀n sílẹ̀, ẹ ò ní bá a nílé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà létí odò, ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́ kálukú.

Ọkọ̀ ojú irin ni ẹ̀gbọ́n yìí ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Orúnkún ń dùn ún, etí rẹ̀ kan sì ti di, síbẹ̀ tó bá ju ìwọ̀ sódò, ibi tó fẹ́ gan-an ló ń balẹ̀ sí. Kì í sọ̀rọ̀ létí omi. Ó ní ariwo ló ń lé ẹja. Wọ́n lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta kó jẹ́ pé "na ekòló sí mi" nìkan ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

Òfin odò náà ò le. Láti oṣù kìíní títí di òpin oṣù kẹta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin. Tó bá di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, odò á ṣí. Ayé bàbá wọn ló ti rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà sì dà bí ọjọ́ ìbí lójú àwọn méjèèjì.

Lọ́dún kan, lọ́jọ́ tí odò ṣí gan-an, ìwọ̀ Abẹ́rẹ́ gbé ẹja ńlá kan. Bó ṣe dì í mú, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí i lọ́wọ́, wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń tàn nínú oòrùn àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Kò tíì yé."

"Ọ̀kan péré nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí o."

Ọkùnrin náà kọ etí tó di sí i. Abẹ́rẹ́ rọra dá ẹja padà sómi, ó sì pẹ́ kó tó fọ ọwọ́ rẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó ń ta ìwọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó odò fẹ́ sún ọjọ́ ṣíṣí sí oṣù karùn-ún. Wọ́n ní omi ò rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹja ń pẹ́ kó tó yé. Wọ́n pe gbogbo oníwọ̀ sí ìpàdé, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n lò fún ìpàdé náà. Àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúkurú, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan láti iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

"Tí ẹ bá ti odò pa," ẹni tó ń ta ìwọ̀ ní, "ta ni kí n máa tajà fún, ológbò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Panápaná kan ní ẹja kì í ka kàlẹ́ńdà, ẹ̀yìn ẹja ló yẹ kí èèyàn máa tọ̀. Tíṣà kan ní oṣù kẹrin nìkan lòun ń gba ìsinmi, ta ló fẹ́ kóun máa pẹja nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́? Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ dìde, ó fọwọ́ ti tábìlì.

"Ọmọ mi," ó sọ fún obìnrin náà, "oṣù kan ò jẹ́ nǹkan kan lójú yín. Ẹ ṣì ní in lọ́pọ̀. Èwo nínú èyí tó kù fún mi lẹ fẹ́ gbà?"



Abẹ́rẹ́ ò ní in lọ́kàn láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ń rí àwọn ẹyin yẹn bíi pé wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde.

"Èmi ni àbúrò wọn. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n ọmọ ló kún inú ẹja tí mo mú, mi ò sì lè sọ pé mi ò rí i. Ẹ jẹ́ kí odò ṣì wà ní títì fún oṣù kan sí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú fìlà, ó jáde. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e títí dé ilé, àmọ́ ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn.

Ahọ́n àti eyín ń jà, ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Wọ́n ṣì ń kí ara wọn, "ẹ káàárọ̀," "o kú iṣẹ́," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìyókù ọdún yẹn, òdìkejì afárá odò náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó sí. Tí kùrukùru bá ká díẹ̀, Abẹ́rẹ́ á rí i lọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà.

Iléeṣẹ́ náà yí òfin padà. Nígbà tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin tún pé, Abẹ́rẹ́ jí ní àfẹ̀mọ́jú bí ó ti mọ́ ọn lára, ó wá rántí pé kò síbi tí òun ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá," ó ní. "Kò gbọ́ pé wọ́n ti yí òfin padà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́.

"Jẹ́ ká lọ wo omi. Kò sófin tó ní ká má wo omi," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní.

Wọ́n jókòó sórí koríko tútù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Nígbà tó yá, níbi tí omi ò ti jìn, wọ́n rí ẹja tó ń yé ẹyin, ọ̀kan, mẹ́wàá, wọn ò lónkà mọ́, tí wọ́n ń yí gbirigbiri, tí ẹ̀yìn wọn ń dán bí ṣíbí.

"Wọ́n pọ̀ tó báyìí?" ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tóun ṣì ń wa ọkọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo pápá, òun rí obìnrin kan tó dúró sójú irin. Òun dá ọkọ̀ dúró, òun mú tọ́ọ̀ṣì, òun sì fẹsẹ̀ rìn síwájú. Kò sẹ́nì kankan. Ẹyẹ nìkan ló ń dún. Òun dúró síbẹ̀ pẹ́, òun ń tẹ́tí, gbogbo èrò sì ń sùn lẹ́yìn òun.

"Mo sọ fáwọn ọ̀gá pé iná tó ń darí ọkọ̀ lójú irin ló bàjẹ́ tí mo fi dúró. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Obìnrin yẹn jọ ìyá wa tó ti kú, Abẹ́rẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Nígbà wo? Nígbà tí ẹja ń jẹ ìjẹ lọ́wọ́?"

Gbogbo Sátidé oṣù náà ni wọ́n lọ wo omi. Nígbà tí odò wá ṣí, wọ́n gbé ọ̀pá ìwọ̀ wọn jáde, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n sì jókòó sí. Ìgbà tí okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mì gan-an, tó yẹ kó fà á, ló yíjú sí i.

"Aṣọ búlúù ni ìyá wa wọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Èyí tó máa ń wọ̀ tó bá ń mú wa lọ sílé ìwé."

Abẹ́rẹ́ rọra gbé ọ̀pá tirẹ̀ lélẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn, sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ràn.